Ẹ̀kọ́ Nípa Iye Ńlá Kan: 603,550

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó ń ka Bíbélì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni ó máa ń yára kọjá orí kìíní ìwé Númérì. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: orúkọ àti iye ni ó kún ibẹ̀, kò sì sí ìtàn ogun tàbí iṣẹ́ ìyanu tí yóò dá òǹkàwé dúró. Ṣùgbọ́n ní ẹsẹ 46 orí náà ni a kọ àpapọ̀ àwọn ọkùnrin Ísírẹ́lì sí, àwọn tí wọ́n tó ẹni ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n lè jáde lọ sí ogun. Iye náà ni 603,550. Ní ònkà Yorùbá, èyí ni ọgbọ̀n ọ̀kẹ́ ó lé ẹgbẹ̀jìdínlógún ó dín àádọ́ta.

Iye yìí ti gba ọwọ́ àìmọye akọ̀wé kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, ọwọ́ ni a fi ń da ìwé kọ, láìsí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kankan. Báwo ni àgbẹ̀ tí ó jókòó nínú ilé rẹ̀ ní alẹ́, tí fìtílà ń jó níwájú rẹ̀, yóò ti mọ̀ bóyá ọwọ́ ọ̀kan nínú àwọn akọ̀wé wọ̀nyí ti ṣì? Ìbéèrè kan náà ni ó ń dúró de ẹni tí ó kó kòkó rẹ̀ lọ sí orí ìwọ̀n tí a sì fi ìwé lé e lọ́wọ́, tàbí ìjọ tí ó ń gbọ́ ìṣirò owó ìkórè láti ẹnu akápò. Ẹni tí kò mọ bí a ti ń yẹ iye wò yóò gba ohun tí akọ̀wé bá fi fún un, ìbáà ṣe òtítọ́, ìbáà ṣe àṣìṣe. Kì í sì í ṣe pé olè ni akọ̀wé. Ọwọ́ a máa ṣì, ojú a sì máa rẹ̀.

Kí a kọ́kọ́ wo orúkọ iye náà, nítorí pé orúkọ nìkan ti sọ púpọ̀ nípa rẹ̀. Ní ayé owó ẹyọ, ogójì ẹyọ ni a ń sín sí okùn kan; àádọ́ta okùn bẹ́ẹ̀ ni ó ń di ẹgbàá; ẹgbàá mẹ́wàá ni ó sì ń kún àpò kan, èyí tí í ṣe ọ̀kẹ́. Bí a bá ní kí a ka ẹyọ kan sílẹ̀ fún ọkùnrin kọ̀ọ̀kan nínú àwọn tí a kà ní Sínáì, yóò jẹ́ àpò 30, àti ẹgbàá kan, àti okùn 38, pẹ̀lú ẹyọ 30 tí kò tó okùn kan. Ṣùgbọ́n ònkà Yorùbá kò pè é bẹ́ẹ̀. Ó gba ọ̀nà mìíràn: ó lọ síwájú dé 603,600, ó sì dín àádọ́ta padà. Ọ̀nà dídín yìí ni àwọn kan ń pè ní ìṣòro nínú ònkà wa, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣe níhìn-ín.

Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ àádọ́ta lọ́nà 400. Nítorí náà, ọgbọ̀n ọ̀kẹ́ jẹ́ àádọ́ta lọ́nà 12,000. Ẹgbẹ̀jìdínlógún, èyí tí í ṣe 3,600, jẹ́ àádọ́ta lọ́nà 72. Èyí tí a dín jẹ́ àádọ́ta ẹyọ kan ṣoṣo. Kí a ro 12,000 àti 72 pọ̀, kí a sì yọ ọ̀kan kúrò: 12,071. Láìlo pẹ́ńsùlù, láti inú orúkọ iye náà nìkan, a ti pín 603,550 sí àádọ́ta-àádọ́ta, kò sì ṣẹ́ ku ẹnìkan.

Ìpín yìí kì í ṣe eré lásán. Nínú ìwé Ẹ́kísódù, orí 18, Jẹ́tírò gba Mósè ní ìmọ̀ràn pé kí ó yan àwọn olórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún, olórí ọrọọrún, olórí àádọ́ta-àádọ́ta àti olórí mẹ́wàá-mẹ́wàá. Kí a wá mú iye náà lọ sí abẹ́ àwọn olórí wọ̀nyí. Bí a bá pín in ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ẹgbẹ́ 603 ni yóò pé, ènìyàn 550 yóò sì ṣẹ́ kù. Bí a bá pín in ní ọgọ́rùn-ún, ẹgbẹ́ 6,035 ni yóò pé, ènìyàn 50 yóò sì wà láìní olórí. Ní àádọ́ta, ẹgbẹ́ 12,071, ó pé. Ní mẹ́wàá, ẹgbẹ́ 60,355, ó pé. Àwọn olórí kéékèèké rí ẹgbẹ́ wọn ní kíkún. Àwọn olórí ńlá ni àṣẹ́kù wà fún.

Nísinsìnyí, a lè béèrè bóyá 12,071 náà ṣe é pín. Kò ṣe é pín sí méjì, nítorí pé ọ̀kan ni ó gbẹ̀yìn rẹ̀. Kò ṣe é pín sí márùn-ún fún ìdí kan náà. Bí a bá fi 3 pín in, 2 yóò ṣẹ́ kù. Bí a bá fi 7 pín in, 3 yóò ṣẹ́ kù. Bí a bá fi 17 tàbí 71 pín in, ọ̀kan péré ni yóò ṣẹ́ kù, nítorí pé 12,070 tí ó jẹ́ aládùúgbò rẹ̀ jẹ́ 17 lọ́nà 71 lọ́nà 10. Bẹ́ẹ̀ ni iye kan ṣe lè fọ́ sí wẹ́wẹ́, kí èyí tí ó tẹ̀ lé e sì le bí òkúta. Ẹni tí ó bá fẹ́ dá ara rẹ̀ lójú kò ní láti gbìyànjú gbogbo iye tí ń bẹ láyé. Ó tó kí ó dé 109, nítorí pé 110 lọ́nà 110 jẹ́ 12,100, èyí tí ó ti ju 12,071 lọ. Bí olùpín kan bá sì wà tí ó ju 110 lọ, ẹnìkejì rẹ̀ yóò kéré sí 110, a ó sì ti bá a pàdé ní ọ̀nà. Láàárín 2 àti 109, àwọn iye tí kò ṣe é pín fúnra wọn jẹ́ 29 péré. Ẹni tí ó bá ní sùúrù fún ìgbìyànjú 29 yóò rí i pé gbogbo wọn ni ó ṣẹ́ nǹkan kù. Nítorí náà, 12,071 kò ní olùpín kankan ju ọ̀kan àti ara rẹ̀ lọ.

Láti inú èyí, a mọ gbogbo iye tí ó lè pín 603,550 láìṣẹ́kù. Wọn kò ju méjìlá lọ: 1, 2, 5, 10, 25, 50, 12,071, 24,142, 60,355, 120,710, 301,775, àti 603,550 fúnra rẹ̀. Kò sí ọ̀kan láàárín 50 àti 12,071. Kò ṣe é pín sí mẹ́ta, tàbí mẹ́rin, tàbí méjìlá. Ẹ̀yà méjìlá ni Ísírẹ́lì, ibùdó mẹ́rin ni wọ́n sì pa yí àgọ́ ká. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ro pé akọ̀wé kan kàn jókòó, ó sì pín iye dáradára fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, kò ní rí ẹ̀rí rẹ̀ nínú iye yìí. Bí a bá pín in sí méjìlá, mẹ́wàá yóò ṣẹ́ kù.

Ṣùgbọ́n ó ṣe é pín sí méjì, ìdajì rẹ̀ sì ni ohun tí ó yani lẹ́nu jù. Ní Ẹ́kísódù orí 38, a kọ ọ́ pé ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn tí a kà mú bẹ́kà kan wá, èyí tí í ṣe ààbọ̀ ṣékélì fàdákà. Iye àwọn ènìyàn náà ni 603,550. Iye fàdákà náà ni 100 tálẹ́ńtì àti 1,775 ṣékélì. Ìdajì 603,550 ni 301,775. Kí a yọ 1,775 kúrò: ó ku 300,000. Kí a pín ìyẹn sí 100: tálẹ́ńtì kan jẹ́ 3,000 ṣékélì.

Ìwé Ẹ́kísódù kò sọ fún wa níbikíbi pé iye ṣékélì báyìí ni ó wà nínú tálẹ́ńtì. Láti inú ìṣirò yìí gan-an ni àwọn olùkọ́ ti mọ̀ ọ́n. Ẹnìkan lè sọ nígbà náà pé kì í ṣe ìdánwò, níwọ̀n ìgbà tí a ti inú rẹ̀ mú ìdáhùn jáde. Òótọ́ díẹ̀ ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n kí a wò ó bí akọ̀wé kan bá ti kọ 603,450 dípò 603,550. Tálẹ́ńtì kan yóò di 2,999 àti ààbọ̀ ṣékélì, kò sì sí ọjà kan láyé tí a ti ń fi irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ wọn nǹkan. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn oníṣòwò Ugarit, ìlú àtijọ́ kan ní etí òkun Síríà, lo tálẹ́ńtì tí ó jẹ́ 3,000 ṣékélì, gẹ́gẹ́ bí àwọn wàláà amọ̀ tí a hú jáde níbẹ̀ ti fi hàn. Iye ènìyàn àti iye fàdákà ń jẹ́rìí fún ara wọn, bí ìwé tí olùtà mú lọ́wọ́ àti ìwé tí olùrà fi pamọ́.

Kí a tún wo ohun tí a fi fàdákà náà ṣe. 100 tálẹ́ńtì náà ni a fi dà ihò-ìtẹ̀bọ̀ ọgọ́rùn-ún, tálẹ́ńtì kan fún ìkọ̀ọ̀kan, lórí èyí tí àwọn pákó àgọ́ náà dúró. 1,775 ṣékélì tí ó kù ni a fi ṣe ìkọ́ fún àwọn òpó. Ihò-ìtẹ̀bọ̀ kan gba ààbọ̀ ṣékélì ẹgbàáta ènìyàn, èyí tí í ṣe 6,000. Ọgọ́rùn-ún ihò-ìtẹ̀bọ̀ gba ti ọgbọ̀n ọ̀kẹ́ ènìyàn, kò lé, kò dín. Ti ẹgbẹ̀jìdínlógún ó dín àádọ́ta ni ó sì di ìkọ́. Níbi tí orúkọ Yorùbá ti gé iye náà sí méjì, níbẹ̀ gan-an ni àwọn alágbẹ̀dẹ aginjù náà ti gé fàdákà náà sí méjì. Kò sí àdéhùn láàárín ònkà méjèèjì. Ó kàn ṣe bẹ́ẹ̀ ni.

Ọ̀nà mìíràn láti yẹ iye wò ni kí a kó o jọ lẹ́ẹ̀kan sí i ní ètò mìíràn. Ní orí kìíní, ẹ̀yà méjìlá ni a rò pọ̀. Ní orí kejì, ibùdó mẹ́rin ni. Àwọn iye náà nìyí:

Ibùdó Júdà, ní ìlà-oòrùn: Júdà 74,600, Ísákárì 54,400, Sébúlúnì 57,400. Àpapọ̀ 186,400.

Ibùdó Rúbẹ́nì, ní gúúsù: Rúbẹ́nì 46,500, Síméónì 59,300, Gádì 45,650. Àpapọ̀ 151,450.

Ibùdó Éfúráímù, ní ìwọ̀-oòrùn: Éfúráímù 40,500, Mánásè 32,200, Bẹ́ńjámínì 35,400. Àpapọ̀ 108,100.

Ibùdó Dánì, ní àríwá: Dánì 62,700, Áṣérì 41,500, Náfítálì 53,400. Àpapọ̀ 157,600.

Ẹni tí kò ní àkókò láti ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ lè lo mẹ́sàn-án. Kí ó ro àwọn àmì iye inú iye kan pọ̀, kí ó sì máa sọ mẹ́sàn-án nù títí yóò fi ku iye tí kò tó mẹ́sàn-án. Nínú 603,550, 6 àti 3 àti 5 àti 5 jẹ́ 19. Kí a sọ mẹ́sàn-án nù lẹ́ẹ̀méjì, ó ku 1. Nínú ibùdó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Júdà ku 1, Rúbẹ́nì ku 7, Éfúráímù ku 1, Dánì ku 1. Àpapọ̀ wọn ni 10. Sọ mẹ́sàn-án nù, ó ku 1. Ó bá a mu. Ìdí tí ọ̀nà yìí fi ń ṣiṣẹ́ ni pé bí a bá kó mẹ́sàn-án kúrò nínú mẹ́wàá, ọ̀kan ni ó ń kù. Bí a bá kó o kúrò nínú ọgọ́rùn-ún títí tí kò fi ṣe é kó mọ́, ọ̀kan náà ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹgbẹ̀rún. Nítorí náà, ààyè tí àmì kan bá wà kò já mọ́ nǹkan fún mẹ́sàn-án. Àmì náà fúnra rẹ̀ nìkan ni ó ń kà.

Níbẹ̀ náà ni àléébù rẹ̀ wà. Bí akọ̀wé bá kọ 630,550 dípò 603,550, àmì kan náà ni, mẹ́sàn-án kò sì ní mọ̀. Bí ó bá gbàgbé òfo kan, tí ó kọ 63,550, mẹ́sàn-án kò ní mọ̀ bákan náà, bẹ́ẹ̀ sì ni àṣìṣe náà ti gbé ọ̀kẹ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lọ. Yíyí àmì méjì padà yìí sì ni àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí ń da ìwé kọ. Àgbẹ̀ tí ó ka 4,560 ebè, tí ọmọ rẹ̀ sì kọ 5,460 sínú ìwé, yóò san owó iṣẹ́ 900 ebè tí ẹnikẹ́ni kò kọ.

Mọ́kànlá ni ó ń mú irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún: kí a ro àmì kìíní, ìkẹta àti ìkarùn-ún pọ̀, kí a ro ìkejì, ìkẹrin àti ìkẹfà pọ̀, kí a yọ ti ẹ̀yìn kúrò nínú ti ìṣáájú, bí kò bá sì tó yọ, kí a fi mọ́kànlá kún un. Fún 603,550, ti ìṣáájú jẹ́ 5, ti ẹ̀yìn jẹ́ 14. 5 pẹ̀lú 11 jẹ́ 16, yọ 14, ó ku 2. Fún 630,550, ti ìṣáájú jẹ́ 8, ti ẹ̀yìn jẹ́ 11. Ó ku 8. Wọn kò bára mu, àṣìṣe náà sì hàn. Fún ebè náà, 4,560 ku 6, ṣùgbọ́n 5,460 ku 4. Àmì mìíràn tún wà tí ó dára kí akápò fi sọ́kàn: bí ìwé méjì kò bá dọ́gba, tí ìyàtọ̀ wọn sì ṣe é pín sí mẹ́sàn-án láìṣẹ́kù, kí ó kọ́kọ́ wá ibi tí a ti yí àmì méjì padà. 900 ṣe é pín bẹ́ẹ̀.

Kò yẹ kí a fi ohun tí kò bá ìṣirò mu pamọ́. Ní orí kẹta ìwé Númérì, a ka àwọn ọmọ Léfì lọ́tọ̀: ìdílé Gáṣónì 7,500, ti Kóhátì 8,600, ti Mérárì 6,200. Ẹni tí ó bá rò wọ́n pọ̀ yóò rí 22,300, ṣùgbọ́n 22,000 ni a kọ sílẹ̀. Ìyàtọ̀ náà jẹ́ 300, kò sì ṣe é pín sí mẹ́sàn-án, nítorí náà kì í ṣe pé a yí àmì padà. Àpapọ̀ náà fúnra rẹ̀ dúró ṣinṣin, nítorí pé a lò ó nínú ìṣirò mìíràn: àkọ́bí Ísírẹ́lì jẹ́ 22,273, wọ́n fi 273 ju àwọn ọmọ Léfì lọ, a sì gba ṣékélì márùn-ún-márùn-ún lórí àwọn 273 náà, èyí tí ó jẹ́ 1,365 gẹ́gẹ́ bí a ti kọ ọ́. Àwọn olùkọ́ Júù ìgbàanì sọ pé àwọn 300 náà jẹ́ àkọ́bí láàárín àwọn ọmọ Léfì fúnra wọn, tí wọn kò lè ra ẹlòmíràn padà. Àwọn mìíràn tọ́ka sí i pé ní èdè Hébérù, lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó ya mẹ́ta kúrò lára mẹ́fà. Bí Kóhátì bá jẹ́ 8,300 ní àkọ́kọ́, ohun gbogbo bára mu. Lẹ́tà kan tí ó bọ́ lọ́wọ́ akọ̀wé tó láti dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀.

Àwọn ọ̀mọ̀wé púpọ̀ sì ń rò pé 603,550 fúnra rẹ̀ ti pọ̀ jù fún aginjù. Ní ọdún 1906, Flinders Petrie, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń hú ilẹ̀ àtijọ́ ní Íjíbítì àti Sínáì, mú àbá kan wá pé ọ̀rọ̀ Hébérù tí a túmọ̀ sí ẹgbẹ̀rún lè jẹ́ agbo ilé tàbí àgọ́ kan. Nípa bẹ́ẹ̀, Rúbẹ́nì kì í ṣe 46,500 ènìyàn mọ́, bí kò ṣe 500 ènìyàn nínú àgọ́ 46. Bí a bá ro gbogbo ẹ̀yà pọ̀ lọ́nà yìí, àgọ́ 598 àti ènìyàn 5,550 ni a óò rí. Àbá náà fani mọ́ra, ṣùgbọ́n fàdákà ni ó kọ̀ fún un. Ààbọ̀ ṣékélì ènìyàn 5,550 jẹ́ 2,775 ṣékélì, kò tó tálẹ́ńtì kan, kí a má ṣe sọ ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí ó bá gba àbá Petrie ní láti sọ pẹ̀lú pé ẹ̀yìn àkókò náà ni a ṣírò fàdákà náà láti inú àpapọ̀ tí a ti ṣì lóye.

Ní òpin ìrìn àjò náà, a tún ka àwọn ènìyàn náà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Móábù. Iye kejì yìí, ní orí 26, ni 601,730, èyí tí í ṣe ọgbọ̀n ọ̀kẹ́ ó lé ẹgbẹ̀sán ó dín àádọ́rin. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ti ìṣáájú kò ju 1,820 lọ. Ẹni tí ó bá wo àpapọ̀ nìkan yóò sọ pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n Síméónì ti bọ́ láti 59,300 sí 22,200, ó pàdánù 37,100. Mánásè sì ti gòkè láti 32,200 sí 52,700. Bẹ́ẹ̀ náà ni oko méjì lè so iye iṣu kan náà ní ọdún méjì, kí ó sì jẹ́ pé ìdajì ọ̀kan ti kú sínú omi.

Fún òǹkàwé tí ó bá fẹ́ dán ọwọ́ ara rẹ̀ wò, àwọn iye inú kíkà kejì nìyí: Rúbẹ́nì 43,730, Síméónì 22,200, Gádì 40,500, Júdà 76,500, Ísákárì 64,300, Sébúlúnì 60,500, Mánásè 52,700, Éfúráímù 32,500, Bẹ́ńjámínì 45,600, Dánì 64,400, Áṣérì 53,400, Náfítálì 45,400. Kí ó fi mẹ́sàn-án yẹ̀ wọ́n wò, kí ó sì fi mọ́kànlá yẹ̀ wọ́n wò. Ní ọ̀nà méjèèjì, 8 ni ó yẹ kí ó kù.